"Má Jẹ̀ẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Gbọ́": Ẹ̀rù Gígé Owó Ìrànwọ́ ní Ilẹ̀ Britain Láti Ọdún 1931

Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba ilẹ̀ Britain kéde pé owó tí àwọn àgbàlagbà ń gbà lọ́dọọdún láti fi mú ilé wọn móoru nígbà òtútù kò ní kárí mọ́. Pọ́n-ùn 200 ni owó náà fún agbo-ilé kan, ó sì máa ń tó 300 bí ẹni tó ti pé ọgọ́rin ọdún bá wà níbẹ̀. Ní England àti Wales, kò sí ẹni tí yóò tún rí i gbà láti ìgbà náà bí kò ṣe àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi ń fún wọn ní owó àfikún tí wọ́n ń pè ní Pension Credit, àti àwọn díẹ̀ mìíràn tó jọ wọ́n. Nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́wàá àgbàlagbà ni ìkéde náà gba owó lọ́wọ́ wọn.

Ìyàwó àbúrò bàbá mi wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kó ìpayà bá. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló sì ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó pè mí lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ kan, nítorí ó mọ̀ pé iṣẹ́ ìròyìn ni mo ṣe, ó sì rò pé mo lè mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí òun kò ti fojú kan oorun. Ó ti ṣírò owó iná, ó ti ṣírò owó gáàsì, ó tún ti ṣírò èyí tó ń fi ránṣẹ́ sílé. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó rẹ ohùn rẹ̀ wálẹ̀: "Ọkọ mi, jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́." Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sì rèé, inú ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé.

Gbólóhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí mo tún ìtàn ilẹ̀ náà kà, mo rí i pé ohùn Ìyá wa kọ́ ni àkọ́kọ́ tí yóò lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí owó ìrànwọ́ tí ìjọba fẹ́ gé. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ìyá mìíràn ti sọ irú rẹ̀ ní Wales, ní Durham, ní Lancashire. Àwọn náà kò sùn.

Ní ọdún 1931, ọrọ̀ ajé àgbáyé ti dẹnu kọlẹ̀. Èédú, irin, aṣọ òwú àti ọkọ̀ ojú omi tí ilẹ̀ Britain fi ń yangàn kò tà mọ́, àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ sì ti lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀. Òfin ọdún 1911 ló dá ètò adójútòfò sílẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: òṣìṣẹ́ ń dá owó sí i, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ń dá, ìjọba náà ń dá. Nítorí náà, owó tí aláìníṣẹ́ ń gbà kì í ṣe sàráà lójú rẹ̀. Owó ara rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àìríṣẹ́ṣe pẹ́ jù, àpò náà sì gbẹ, ìjọba wá ń yá owó sí i.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wá ibi tí wọn yóò ti dín ìnáwó kù, wọ́n sì fi George May ṣe alága. Ọkùnrin yìí ti jẹ́ akọ̀wé àgbà ní iléeṣẹ́ Prudential, iléeṣẹ́ adójútòfò tí àwọn aṣojú rẹ̀ ń kanlẹ̀kùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní àdúgbò àwọn tálákà láti gba kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ tí wọn yóò fi sin òkú wọn bó bá dọ̀la. Ìjábọ̀ ìgbìmọ̀ náà jáde ní ìparí oṣù Keje. Ó ní kí wọ́n gé ìnáwó ìjọba ní mílíọ̀nù 96 pọ́n-ùn, kí wọ́n sì yọ ìdá márùn-ún kan nínú owó àwọn aláìníṣẹ́.

Inú ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà fúnra wọn kò dọ́gba. Ẹgbẹ́ òṣèlú Labour, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, ló wà lórí àlééfà, Ramsay MacDonald sì ni Olóòtú Ìjọba. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ, wọ́n dín in kù sí ìdá mẹ́wàá kan, wọ́n sì dìbò: mọ́kànlá gbà, mẹ́sàn-án kọ̀. Ìjọba náà tú ká. Lọ́jọ́ kejì, MacDonald gbà láti darí ìjọba àjọṣe pẹ̀lú àwọn tó ti ń bá jà tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì lé e jáde. Àwọn kan kò dárí jì í títí tó fi kú.

Ẹ wo ìṣirò náà. Ọkùnrin kan ń gba ṣílè 17 lọ́sẹ̀, ṣílè 9 wà fún ìyàwó rẹ̀, ṣílè 2 sì wà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn gígé náà, ti ọkùnrin di ṣílè 15 àti tọ́rọ́, ti ìyàwó di 8, wọn kò fọwọ́ kan ti ọmọ. Bí ọmọ bá jẹ́ mẹ́ta, ṣílè 32 tó ń wọlé yóò di 29 àti tọ́rọ́. Ìjọba ní iye owó ọjà ti já wálẹ̀ láti ọdún bíi mélòó kan, pé ohun tí owó náà ń rà kò dín kù rárá. Kí a má parọ́ mọ́ wọn, òótọ́ ni pé ọjà ti já wálẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ilé kò já bí owó búrẹ́dì ti já, ẹni tó bá sì ti ta àga àti aago ilé rẹ̀ kò ní ohun tí yóò tún tà.

Síbẹ̀, kì í ṣe ṣílè méjì ààbọ̀ àti tọ́rọ́ yẹn ni àwọn ará ibẹ̀ ń rántí jù lọ. Ohun tó dé ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni, èyí tí òyìnbó ń pè ní Means Test. Ẹni tó bá ti gba owó adójútòfò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kò ní í rí òmíràn gbà àfi tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá wá sílé rẹ̀ wá wádìí gbogbo ohun tó ń wọlé fún gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Wọn yóò bi í ní iye tó wà ní ilé ìfowópamọ́, wọn yóò wo àga àti tábìlì. Bí ọmọkùnrin rẹ̀ bá ti ríṣẹ́, wọn yóò yọ nínú owó bàbá. Bí ìyá àgbà bá ń gba owó ìfẹ̀yìntì níbẹ̀, wọn yóò kà á mọ́ ọn.

Yorùbá lè gbọ́ èyí kó ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣebí ọmọ ló yẹ kó tọ́jú bàbá? Èmi náà kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tiwa, ọmọ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún bàbá, bàbá sì ń gbàdúrà fún un. Nínú òfin yìí, wọ́n ti yọ owó bàbá kí ọmọ tó dé láti ibi iṣẹ́, ìbáà fún un, ìbáà má fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún mọ́kàndínlógún wá di olórí ilé ní tipátipá, bàbá rẹ̀ sì ń tọrọ owó sìgá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ kó jáde nílé kí bàbá lè rí owó rẹ̀ gbà. Àwọn kan kàn ń díbọ́n pé àwọn ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn. Aládùúgbò ń kọ lẹ́tà tí kò lórúkọ sí ọ́fíìsì láti fẹjọ́ sùn pé ìyá lágbájá ń fọṣọ fún èèyàn lábẹ́lẹ̀. George Orwell, nínú ìwé rẹ̀ The Road to Wigan Pier tó jáde ní 1937, kọ̀wé lórí bí òfin yìí ṣe ń tú ìdílé ká, tó sì ń lé arúgbó kúrò lọ́dọ̀ ọmọ wọn.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń fara dà á? Ìyá ilé ni gbogbo rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Aṣọ ìjáde ọkọ yóò lọ sí ilé ìdógò ní ọjọ́ Ajé, wọn yóò rà á padà ní ìparí ọ̀sẹ̀ kó lè wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, yóò sì tún padà síbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Kọ́bọ̀ ìsìnkú kì í yẹ̀, bí ebi tilẹ̀ ń pa wọ́n, nítorí kò sí ìtìjú tó ju kí ìjọba báni sin òkú lọ. Àwọn ẹlẹ́sìn Quaker fún àwọn aláìníṣẹ́ ní irúgbìn àti irinṣẹ́ oko kí wọ́n lè gbin ọ̀dùnkún àti ewébẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń lọ jókòó ní ilé ìkàwé ìlú, kì í ṣe nítorí ìwé nìkan, nítorí iná tó ń jó níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹgbẹ́ àwọn aláìníṣẹ́ tí Wal Hannington ń darí ṣe iṣẹ́ kan tí àwọn òpìtàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀, bóyá nítorí pé ìwọ́de ló máa ń wu èèyàn láti kọ. Wọ́n kọ́ òfin náà lákọ̀ọ́sórí. Bí ọ́fíìsì bá yọ owó ẹnì kan, ẹgbẹ́ yóò rán ẹni tó mọ òfin tẹ̀lé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ láti pẹjọ́, wọ́n sì jàre lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó wọlé pẹ̀lú omijé nìkan yóò gba ìdáhùn kúkúrú. Ẹni tó bá mú ìlà òfin dání, wọn yóò fún un ní àga.

Àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ kan náà ṣàánú. Ti Rotherham àti ti Durham lawọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn ní ọdún 1932, tó sì rán ẹni tirẹ̀ lọ síbẹ̀.

Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 1934, ìjọba dá ìdá mẹ́wàá tó ti gé padà. Ẹnu kò tíì gbẹ níbi ọpẹ́ tí òmíràn fi dé. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, kí iye owó lè dọ́gba níbi gbogbo, kí ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ má sì lágbára mọ́. Òfin tuntun náà yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1935, wọ́n sì fọkàn àwọn èèyàn balẹ̀ pé yóò dára fún ọ̀pọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tẹ iye owó náà jáde nínú ìwé, ìyá ilé sì lè fi pẹ́ńsù ṣírò tirẹ̀ lórí tábìlì. Nígbà tí owó ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dé, ìdílé tó pọ̀ jọjọ rí i pé tiwọn ti dín kù.

Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò rẹ ohùn sílẹ̀. Ojú pópó kan ṣoṣo lè ní ogún ilé tí wọ́n gé owó wọn lọ́sẹ̀ kan náà. Ta ni yóò wá tijú ta ni? Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì, àwọn àfonífojì èédú ní gúúsù Wales tú jáde. Wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ sí 300,000 èèyàn káàkiri agbègbè náà lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn. Awakùsà tó ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, aláìníṣẹ́ wà níbẹ̀, àlùfáà àti olùkọ́ wà níbẹ̀, oníṣọ́ọ̀bù náà wà níbẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí owó bá dín kù lọ́wọ́ àwọn oníbàárà òun, ìwé gbèsè òun ni yóò kún. Lọ́jọ́ kejì, ní Merthyr, àwọn obìnrin ya wọ ọ́fíìsì àjọ náà, wọ́n fọ́ fèrèsé, wọ́n da ìwé rú. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì, mínísítà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, Oliver Stanley, dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó kéde pé wọ́n dá òfin náà dúró: kí wọ́n fi iye ti àtijọ́ wé ti tuntun, èyí tó bá pọ̀ jù ni kí wọ́n fún oníkálukú. Oṣù kan péré ni wọ́n lò lórí rẹ̀. Títí di oṣù Kọkànlá ọdún 1936 ni ìdádúró náà fi wà.

Gbogbo ìwọ́de kọ́ ló yọrí sí rere bẹ́ẹ̀. Igba ọkùnrin ló fẹsẹ̀ rìn láti Jarrow dé Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹwàá ọdún 1936, Olóòtú Ìjọba kò gbà láti rí wọn, nígbà tí wọ́n sì délé, wọ́n rí i pé wọ́n ti yọ owó wọn, wọ́n ní wọn kò sí nílé láti gba iṣẹ́ bí iṣẹ́ bá yọjú. Iṣẹ́ wo?

Ogun àgbáyé ló pa ìwádìí agbo-ilé náà. Òfin ọdún 1941 sọ pé kí wọ́n má ṣe ka owó gbogbo ará ilé mọ́ ti ẹni tó wá béèrè ìrànwọ́ mọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948, òfin àwọn tálákà láti ayé ọjọ́un kógbá sílé pátápátá. Ṣùgbọ́n òfin lè kú kí ẹ̀rù rẹ̀ má kú. Àwọn arúgbó kọ̀ láti lọ béèrè owó tó tọ́ sí wọn, nítorí wọ́n ṣì ń gbọ́ ẹsẹ̀ oníwàádìí lẹ́nu ọ̀nà. Èyí wà lára ohun tó mú kí ìjọba yí orúkọ ètò náà àti ìlànà rẹ̀ padà ní 1966. Títí di òní, iye àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí Pension Credit tí wọn kò béèrè rẹ̀ lé ní 600,000. Owó yìí gan-an ni ìjọba wá so owó òtútù mọ́ ní 2024.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún Ìyá nígbà tí mo pè é padà. Ó gbọ́ ti Merthyr, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n tún un sọ. Mo wá sọ fún un pé ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ni gbèdéke fún ẹni tó bá fẹ́ béèrè kó lè rí owó òtútù ọdún náà gbà, pé kó sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó dákẹ́ pẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìjọba yí ohùn padà, wọ́n ní gbogbo àgbàlagbà tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju pọ́n-ùn 35,000 lọ lọ́dún yóò tún máa gba owó náà, ṣùgbọ́n a kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ní oṣù Kọkànlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, èyí tí wọ́n jọ ń gbé, jókòó tì í, wọ́n sì jọ pe ọ́fíìsì náà. Wọ́n bi í ní iye tó wà ní báńkì. Wọ́n bi í ní ẹni tí wọ́n jọ ń gbé. Wọn kò béèrè iye tí ọmọ náà ń gbà.