Àwọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin ní Capitol Amẹ́ríkà

Àwọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin ní Capitol Amẹ́ríkà ni àwọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a ṣe fún àwọn obìnrin aṣòfin ní ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn ìjókòó Ilé Aṣòfin Àgbà àti ti Ilé Aṣojú-ṣòfin ní ìlú Washington, D.C. Àtúnṣe inú ilé àtijọ́ náà ni ó mú wọn wá, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí obìnrin ti di aṣòfin.

Ìpìlẹ̀

George Washington fi òkúta ìpìlẹ̀ Capitol lélẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 1793. Ilé Aṣojú-ṣòfin kó sí gbọ̀ngàn tí ó ń lò lónìí ní ọdún 1857, Ilé Aṣòfin Àgbà sì kó sí tirẹ̀ ní ọdún 1859. Ọkùnrin nìkan ni aṣòfin nígbà náà. Jeannette Rankin di obìnrin àkọ́kọ́ ní Ilé Aṣojú-ṣòfin ní ọdún 1917. Rebecca Felton di ti àkọ́kọ́ ní Ilé Aṣòfin Àgbà ní ọdún 1922.

Ilé Aṣòfin Àgbà

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn obìnrin ilé yìí máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí àwọn àlejò ń lò. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1992, iye wọn di mẹ́fà ní oṣù kìíní ọdún 1993, a sì ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún wọn nítòsí gbọ̀ngàn. Ààyè méjì péré ni ó ní. Nígbà tí iye wọn di 20 ní ọdún 2013, a mú un gbòòrò sí ààyè mẹ́rin.

Ilé Aṣojú-ṣòfin

Àwọn ọkùnrin ní tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn. Àwọn obìnrin ní láti gba àárín àwọn àlejò kọjá lọ sí yàrá ìkàwé wọn, èyí tí a fi sọrí Lindy Boggs, níbi tí John Quincy Adams ti kú ní ọdún 1848. Ìrìn náà kì í ṣe ọ̀ràn ìrọ̀rùn lásán: ìdìbò mìíràn kì í ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹni tí kò bá sì padà dé lásìkò lè pàdánù ìbò rẹ̀. Ní ọdún 2011, a ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníààyè mẹ́rin fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn.

Iṣẹ́ àtúnṣe

Architect of the Capitol ni ọ́fíìsì tí ó ń bójú tó ilé náà. Ògiri rẹ̀ nípọn, òkúta àti bíríkì ni. Kò rọrùn láti la páìpù omi tàbí ti ìdọ̀tí gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn àwòrán tí Constantino Brumidi yà sára ògiri àti àjà ní apá Ilé Aṣòfin Àgbà kò sì gbọdọ̀ bàjẹ́. Òfin ọdún 1995 tún mú kí òfin ẹ̀tọ́ àwọn abirùn ti ọdún 1990 de Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fúnra rẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ tuntun gbọdọ̀ ro ti ẹni tí ó ń lo kẹ̀kẹ́ abirùn.

Ìjẹ́pàtàkì

Àwọn àtúnṣe wọ̀nyí fi hàn pé ẹ̀tọ́ láti jókòó nínú ìgbìmọ̀ kò pé bí ilé ìgbìmọ̀ kò bá ní ààyè fún ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ náà.