Àkísà Tí Ó Di Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n àkísà wo ni ó yẹ kí a tọ́jú? Ìbéèrè yìí ni òfin ọkọ̀ àtijọ́ ní ilẹ̀ Jámánì ń dáhùn.

Láti ọdún 1997 ni wọ́n ti ń fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní nọ́ńbà tí lẹ́tà H, àmì ohun ìtàn, parí rẹ̀. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ti pé 30 ọdún tí a ti kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ orí nìkan kò tó. Onímọ̀ ẹ̀rọ yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì rí bí a ti ṣe é, àti bóyá a tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ó bá fi ẹ́ńjìnnì òde òní rọ́pò ti àtijọ́ lè pàdánù ẹ̀tọ́ náà.

Ẹ̀tọ́ ọ̀hún kò kéré. Yúrò 191.73 ni owó orí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún, bí ó ti wù kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi tó. Ó sì lè wọ àárín ìlú tí a kò ti gba ọkọ̀ eléèéfín láàyè. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọlọ́dún 20 tí ó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, tí olówó rẹ̀ kò rí owó fi ra tuntun, lè má rí irú àánú yìí gbà.

Èmi kò bá òfin náà jà, nítorí ìran tí kò tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ baba rẹ̀ yóò sọ ọ̀nà nù. Kí a má ṣàìrántí, síbẹ̀, pé ẹni tí ó lówó ìtọ́jú ni àkísà rẹ̀ ń di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.