Eré fídíò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà

Eré fídíò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà jẹ́ ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn lórí bóyá a lè ka géèmù orí kọ̀ǹpútà àti fóònù mọ́ iṣẹ́ ọnà, bí a ti ń ka ère, orin àti sinimá. Ìdáhùn rẹ̀ kan ohun tí òfin ń dáàbò bò, ohun tí mùsíọ́mù ń tọ́jú, àti ojú tí àwùjọ fi ń wo ẹni tí ó ń fi géèmù ṣíṣe jẹun.

Àríyànjiyàn náà

Ní ọdún 2010, Roger Ebert, alámèyítọ́ sinimá ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé eré fídíò kò lè di iṣẹ́ ọnà láé, nítorí pé ó ní òfin àti ibi àfojúsùn, ènìyàn sì lè borí nínú rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún náà, ó gbà pé kò yẹ kí òun ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa ohun tí òun kò dán wò. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2011, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà dájọ́ pé eré fídíò ní irú ààbò òmìnira ọ̀rọ̀-sísọ kan náà tí ìwé, eré ìtàgé àti sinimá ní.

Ní ọdún 2012, Mùsíọ́mù Ọnà Òde-Òní ní New York (MoMA) mú eré fídíò 14 wọ inú àkójọ rẹ̀, títí kan Pac-Man àti Tetris. Jonathan Jones ti ìwé ìròyìn The Guardian takò ó. Ó ní kò sí ẹnì kan tí ó lè pe ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú géèmù ní tirẹ̀, bí kò ti sí ẹni tí ó ni eré chess.

Eré àti ọnà nínú èdè Yorùbá

Ọ̀rọ̀ kan náà, eré, ni Yorùbá ń lò fún eré ayò àti eré ìtàgé. Ọnà ní tirẹ̀ jẹ́ àrà tí a fi ọwọ́ dá. Òun ni ó wà nínú gbẹ́nàgbẹ́nà. Ọpọ́n ayò ní ilé 12 àti ọmọ ayò 48, àwọn tí a gbẹ́ dáradára sì wà ní mùsíọ́mù òkè òkun. Ọpọ́n ni wọ́n ń fi hàn níbẹ̀. Ọgbọ́n ọ̀ta tí ó ń ta ayò kò ṣeé gbé kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwòrán àti orin inú géèmù dà bí ọpọ́n. Títa rẹ̀ ni àríyànjiyàn dá lé.

Ní Nàìjíríà àti Áfíríkà

Festac Town, nítòsí Mazamaza ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, Ìpínlẹ̀ Èkó, ni wọ́n kọ́ fún àwọn àlejò FESTAC '77, àjọ̀dún ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Àmì àjọ̀dún náà ni ìbòjú eyín erin Ìyá Ọba Ìdíà ti Benin, tí Mùsíọ́mù Britain kọ̀ láti yá Nàìjíríà. Síbẹ̀, ijó, orin, eré ìtàgé, sinimá àti eré ọkọ̀ ojú omi wà nínú ètò rẹ̀: kì í ṣe ohun gbígbẹ́ nìkan ni ọnà níbẹ̀.

Lára àwọn tí ń ṣe géèmù ni Maliyo Games, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012, tí ó ṣe Okada Ride. Kiro'o Games ní Kamẹrúùnù gbé Aurion jáde ní ọdún 2016, tí ó fa ìtàn rẹ̀ yọ láti inú àṣà Áfíríkà.

Òfin Ẹ̀tọ́-àwòkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022 ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀, àwòrán mọ́ iṣẹ́ ọnà, orin mọ́ iṣẹ́ orin. Nípa bẹ́ẹ̀, géèmù kan ṣoṣo lè gba ààbò lábẹ́ ìsọ̀rí mẹ́ta, bí àwọn alámèyítọ́ kò tilẹ̀ tíì fẹnu kò.