Orúkọ Wo Ló Yẹ Owó Tó Ń Bá Àṣẹ Rìn?

Bí akọ̀wé Yorùbá bá ń kọ nípa bí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe ń darí ìjọba ìlú, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu fún owó tí òkè ń fi ránṣẹ́ sísàlẹ̀ ni "owó ìrànwọ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, ó sì ti mọ́ rédíò àti ìwé ìròyìn lára. Àbùkù rẹ̀ ni pé irọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí à ń ràn lọ́wọ́ ti ní ẹrù lórí tẹ́lẹ̀. Ńṣe la bá a gbé e. Owó tí mò ń wí yìí sábà máa ń gbé ẹrù tirẹ̀ wá, ó sì lè ní kí ìlú sọ èyí tó wà lórí rẹ̀ kalẹ̀ ná.

Ẹ wo ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, gómìnà Charlie Baker fọwọ́ sí òfin kan tó kan ìlú 177 ní agbègbè tí ọkọ̀ ojú irin Boston ń ná. Òfin náà ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ tí èèyàn lè kọ́ ilé ọlọ́pọ̀ ìdílé sí láìgba ìyọ̀ǹda àkànṣe; ìlú tó bá kọ̀ pàdánù ẹ̀tọ́ sí àwọn owó kan láti àpò ìpínlẹ̀. Àwọn aṣojú ìlú Milton, tó bá Boston pààlà, fọwọ́ sí ètò náà níparí ọdún 2023. Ní oṣù kejì 2024, àwọn olùdìbò ìlú yìí kan náà dìbò fagi lé e. Kò pẹ́ tí ìpínlẹ̀ fi gba owó tó lé ní 140,000 dọ́là padà, owó tí wọ́n ti yàn fún ògiri tó ń dá omi òkun dúró. Ògiri omi òkun àti ilé ọlọ́pọ̀ ìdílé kò bára tan. Owó ló so wọ́n pọ̀. Ta ni yóò wá pe èyí ní ìrànwọ́?

Èmi yóò pè é ní "owó onímájẹ̀mú." Àǹfààní orúkọ yìí hàn bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú owó mìíràn tí wọ́n tún máa ń pè ní ìrànwọ́. Ní Nàìjíríà, abala 162 òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní owó láti àpò àpapọ̀. Ìpín nìyẹn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá ti Èkó dúró nítorí ìjọba ìbílẹ̀ 37 tuntun tí ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní oṣù kejìlá 2004 pé ààrẹ kò lágbára láti ṣe bẹ́ẹ̀. Owó Milton ṣeé gbà padà, ti Èkó kò ṣeé dá dúró. Ọ̀rọ̀ tó bá pe méjèèjì lórúkọ kan náà ti pa ìyàtọ̀ yìí rẹ́. Ẹ̀ka kẹta wà pẹ̀lú: lábẹ́ òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ọdún 2004, ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba owó UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú iye tó bá a dọ́gba sílẹ̀, ó sì ti ṣẹlẹ̀ léraléra pé owó wà nílẹ̀ tí àwọn kan kò rí i gbà. "Owó mú-tìrẹ-wá" bá a mu. Ẹni tó ti dá èésú rí kò nílò àlàyé: ẹni tí kò dá, kò ní kó.

Ẹnìkan lè ní kí la ń da ara wa láàmú sí, ṣebí gíráǹtì ni gbogbo ayé ń pè é. Mi ò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò. Kánsù àti bọ́ọ̀sì ti di ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n kánsù ní ilé tí a lè fọwọ́ tọ́ka sí. Gíráǹtì kò ní nǹkan kan tí ojú lè rí, orúkọ rẹ̀ nìkan ló lè sọ ìwà rẹ̀ fún wa. Àtakò tó wúwo jùyẹn lọ ni pé májẹ̀mú gba ẹnu ẹni méjì, ìlú kò sì bá ìpínlẹ̀ dá májẹ̀mú kankan. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹjọ́ tó wáyé láàárín Milton àti agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ dá lé. Ìlú náà ní òfin ti sọ ìyà tó wà níbẹ̀: ẹni tó bá kọ̀ á pàdánù owó, ó parí. Ní oṣù kìíní 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà dáhùn pé rárá, dandan ni òfin náà, agbẹjọ́rò àgbà sì lè fi ẹjọ́ mú ìlú ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹjọ́ fagi lé ìlànà tí ìjọba kọ nítorí wọn kò gbé e jáde bó ṣe yẹ. Ohun tó kúrò ní májẹ̀mú ti di àṣẹ. Ó dára kí àṣẹ náà ní orúkọ tirẹ̀ bí owó kò bá tẹ̀ lé e: "àṣẹ ọwọ́-òfo." Ní oṣù kejì 2025, ọ́fíìsì aṣàyẹ̀wò owó Massachusetts sọ pé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ gan-an ni òfin ilé yìí.

Ó ku ọ̀rọ̀ tó le jù: ohun tí ìlú fi ṣáájú. Bí a bá kọ ọ́ báyìí, á dà bíi pé ìlú jókòó, ó to ohun tó wù ú lẹ́sẹẹsẹ. Yorùbá ní gbólóhùn tó mòye ju bẹ́ẹ̀ lọ: "ó jẹ mí lógún." Nínú rẹ̀, ọ̀ràn náà ni olùwà, èèyàn ni àbọ̀. Mo fara mọ́ ọn pé kò ṣeé fi ṣe àkọlé nínú ìwé ìṣúná, níbi tí "ohun àkọ́kọ́" ti kúrú tó sì mọ́. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Milton láàárín ìparí ọdún 2023 sí oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e: àwọn aṣojú ìlú ti gbé ọ̀rọ̀ ilé síwájú, kò sì tíì jẹ àwọn tó dìbò lógún.