Òkò Tí a Sọ Sọ́jà: Ìgbì Ipá, Ọṣẹ́ Rẹ̀ àti Ìwòsàn Inú Rẹ̀

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ìkìlọ̀ fún oníjàgídíjàgan ni a sábà máa ń fi òwe yìí ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé Jákáńdè Estate ní Òkè-Afá, Ìsọlọ̀, tó sì rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002, mọ̀ pé òwe náà ní abẹ́nú mìíràn: òkò kò tilẹ̀ ní láti bani kó tó ṣekú pani.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni iná ràn dé ibi tí wọ́n kó bọ́ǹbù àti ọta ìbọn pamọ́ sí ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà, tí ohun ìjà tí a tọ́jú de ọ̀tá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù láàárín ọmọ onílé títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Òkè-Afá fi ohun tó ju kìlómítà márùn-ún lọ jìnnà sí ibẹ̀, síbẹ̀ ilé ń mì tìtì, ọ̀run ń pọ́n, àwọn kan sì ń wí pé sójà tún ti fẹ́ gba ìjọba. Ìyá pọn ọmọ, baba di ọmọ mú lọ́wọ́, wọ́n sá wọ inú òkùnkùn. Nígbà tí wọ́n dé odò kánáàlì Òkè-Afá, koríko orí omi ti bò ó mọ́lẹ̀ bámúbámú, wọ́n ṣe bí ilẹ̀ ni, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e. Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà lé ní 1,000, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ni omi yìí sì gbé lọ.

Kí wá ni ohun tó ti Ìkẹjà rìn dé Òkè-Afá láìfi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀? Shock wave ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní ìgbì ipá. Ìró a máa rin nǹkan bí mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n bí bọ́ǹbù bá bú, ó máa ń ti afẹ́fẹ́ lójijì ju bí afẹ́fẹ́ ti lè yàgò lọ, gẹ́gẹ́ bí èrò ẹ̀yìn ti ń ti èrò iwájú ní Òṣòdì kí ti iwájú tó ráyè gbẹ́sẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì dì pọ̀ di ògiri tínínrín kan tó ń sáré ju ìró lọ. Bó bá ti ń jìnnà ni agbára rẹ̀ ń rẹ̀, títí yóò fi di ariwo lásán. Ṣàngó, Olúkòso, ti ń fi èyí hàn wá tipẹ́, nítorí ìgbì ipá ni àrá; mọ̀nàmọ́ná ló ń mú afẹ́fẹ́ gbóná ju ojú oòrùn lọ, tí afẹ́fẹ́ náà fi ń bẹ́. Ní ọdún 1886, Ernst Mach àti Peter Salcher ya àwòrán ìgbì tó ṣíwájú ọta ìbọn tó ń fò, ojú sì rí ohun tí etí nìkan ti ń gbọ́.

Ohun tó jọ mí lójú jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ẹnubodè ni ìgbì yìí ti ń ṣọṣẹ́. Ẹran ara ènìyàn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí omi, nítorí náà ìgbì a máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹran ti pàdé afẹ́fẹ́, nínú etí, nínú ẹ̀dọ̀fóró, nínú ìfun, ibẹ̀ ni ó ti ń fa nǹkan ya. Ìdí nìyí tí ẹni tí bọ́ǹbù bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi lè wà láìní ojú ọgbẹ́ kan, kí inú rẹ̀ sì máa ṣẹ̀jẹ̀.

Ẹnubodè yìí kan náà ni àwọn ará Jámánì sọ di ìwòsàn. Àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Dornier, tí ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, ń wádìí ọṣẹ́ tí ẹ̀kán òjò ń ṣe fún ọkọ̀ tó bá ń sáré ju ìró lọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbà dé orí òkúta inú kíndìnrín. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 1980, ní ìlú Munich, Christian Chaussy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́ aláìsàn àkọ́kọ́ sínú ọpọ́n omi. Iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì ń ṣẹ́ pàrà nísàlẹ̀ omi, abọ́ irin kan sì ń kó ìgbì rẹ̀ jọ sójú kan ṣoṣo, sára òkúta náà. Ẹran ara jẹ́ kó kọjá, òkúta kò jẹ́. Lẹ́yìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlù, òkúta fọ́ wẹ́wẹ́, ó bá ìtọ̀ jáde, láìfi ọ̀bẹ kan ara. Lónìí wọ́n tún ń fi irú ìgbì bẹ́ẹ̀ tọ́jú ìrora gìgísẹ̀.

Lójú tèmi, kì í ṣe ìgbì ló pa àwọn ará wa ní Òkè-Afá. Bọ́ǹbù tí a fi sáàárín ìlú àti àìsí ẹni tó tètè là wọ́n lóye ló pa wọ́n. Ohun tó yẹ kí wọ́n ti mọ̀ rèé: ìmọ́lẹ̀ ń ṣíwájú, ìró ń tẹ̀ lé e, ìró sì ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lórí kìlómítà kan; ẹni tó bá rí ìmọ́lẹ̀, tó sì ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó gbọ́ ìró, ibi tí iná wà jìnnà sí i tó kìlómítà márùn-ún. Ní Halifax, ní ilẹ̀ Kánádà, ní ọdún 1917, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi kan bú gbàmù, àwọn tó dúró sẹ́nu fèrèsé láti wo iná ni gíláàsì fọ́ lójú. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín: bí wọ́n bá rí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kúrò nídìí fèrèsé, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n máa kà, kí wọ́n má sì sáré lóru gba ibi tí wọn kò mọ̀.