Èèrà Wo Ló Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́kọ́ Sìn?

Ní Mowe, Ibafo àti Ifọ̀, ta ni kò mọ ìjàlọ? Bí wọ́n bá wọlé lóru, onílé á sá jáde fún wọn. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé èèrà kì í ṣe ohun ọ̀sìn. Ìtàn sọ nǹkan mìíràn.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Lubbock sin èèrà sáàárín dígí. Ìyá èèrà kan tó mú lọ́dún 1874 kò kú títí di 1888. Irú tó yàn kì í ṣí kiri. Ìjàlọ ní tirẹ̀ kò ní ilé kan pàtó. Kò ṣeé sé mọ́.

Nínú tiwa, Camponotus, èèrà ńlá tó ń jẹ̀ lóru, ló rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ á bọ́ ìyẹ́ rẹ̀ dànù, á wọ ihò, á sì fi ọ̀rá ara rẹ̀ bọ́ àwọn àkọ́bí. Ìgò kékeré, òwú tútù àti òkùnkùn ti tó o.

Ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ni ká mú. Lọ́dún 2025, ọwọ́ tẹ ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ará Belgium ní Kẹ́ńyà pẹ̀lú ìyá èèrà bí 5,000. Ilé ẹjọ́ ní kí oníkálùkù wọn san mílíọ̀nù kan ṣílè Kẹ́ńyà. Ìyá kan tí a jí gbé, ìlú èèrà kan ni kò ní tẹ̀dó mọ́.