Ìkọ́ Pupa Níwájú Ọkọ̀: Ìtàn Iṣẹ́ Kan ní Ìbàdàn

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ní Ìbàdàn Mẹ́sìọ̀gọ̀, orí àwọn olówó tó ni ín, orí àwọn awakọ̀ tó mọ ọ̀nà bí ẹni mowó, àti orí ẹ́ńjìnnì tó ń ké kíkankíkan ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dá lé, tí a kì í sì í rántí irin kékeré kan tó tẹ̀ kọdọrọ lábẹ́ bọ́ńpà, àfi ọjọ́ tí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀, tí okùn wà nílẹ̀, tí àwọn tí yóò fà á sì dúró. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ. Ìkọ́ tí a fi ń fa ọkọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn. Nígbà tó di 1906, ní ayé Gómìnà Walter Egerton, wọ́n la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, Dùgbẹ̀ sì wá di ibi tí ẹrù kòkó ti ń bọ́ sílẹ̀ láti inú mọ́tò bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin. Olóyè Sàlámì Àgbájé wà lára àwọn oníṣòwò Ìbàdàn tó tètè fi mọ́tò akẹ́rù ṣòwò. Ọ̀nà ìgbà náà, eruku ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àbàtà ni nígbà òjò, mọ́tòbọ́ì kò sì lè gbàgbé wẹ́ẹ̀jì rẹ̀ àti okùn rẹ̀ sílé. Ara pákó àwọn mọ́tò tí a ń pè ní bọ́lẹ̀kájà ni iṣẹ́ kíkùn ọkọ̀ ti gbilẹ̀ láàárín wa: àwọn tó ń kùn wọ́n kọ òwe àti àdúrà sí wọn níwájú àti lẹ́yìn, débi pé ẹni tí kò lọ sí ibì kankan lè dúró sẹ́bàá títì kí ó ka ọgbọ́n ayé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1948, ọdún kan náà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀, ni ilé iṣẹ́ Rover gbé Land Rover jáde nílùú Amsterdam. Irin wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, èyí ló mú kí wọ́n fi alumíníọ́ọ̀mù ṣe ara ọkọ̀ náà. Àwọ̀ ewé tí wọ́n kọ́kọ́ fi kùn ún pàápàá, ọ̀dà tó ṣẹ́kù lára ti ọkọ̀ òfúrufú ogun ni. Alumíníọ́ọ̀mù kì í dógùn-ún. Ṣùgbọ́n férémù rẹ̀ àti ìkọ́ tí a fi ń fà á, irin paraku ni wọ́n, ìdí nìyí tí ara Land Rover àgbà fi lè máa dán síbẹ̀ nígbà tí ìdógùn-ún ti jẹ ìkọ́ rẹ̀ dé eegun. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, tí owó epo rọ̀bì ń wọlé wìtìwìtì, Peugeot lọ sí Kàdúná, Volkswagen jókòó sí Èkó, Leyland ni ó bọ́ sí Ìbàdàn lọ́wọ́, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Land Rover pọ̀ níbí.

Mo ti jókòó ti àgbà pẹ́ntà kan lẹ́bàá Ring Road lọ́jọ́ tí ó ń kun ìkọ́ jíìpù kan. Ó kọ́kọ́ ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tú bóòtì méjèèjì sílẹ̀, kí ó rẹ ìkọ́ náà sínú kẹrosíìnì, kí ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí yóò fi funfun bí ojú ọ̀bẹ tuntun. Ọmọ náà fẹ́ gbé ọ̀dà. “Má kanjú, ọmọ mi,” ni bàbá wí, “irin tí a kò bá fọ̀ mọ́, ńṣe ni a da aṣọ bo ìdógùn-ún.” Ó gbé ìkọ́ náà sí oòrùn, ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó ń wá bóyá ó ti ya níbì kan, nítorí ọ̀dà kì í wo irin tó ya sàn, ìkọ́ tó bá sì já nígbà tí okùn le koko lè pa ènìyàn. Lẹ́yìn èyí ni ó fi wáyà so ó rọ̀ mọ́ ẹ̀ka máńgòrò, ó kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, ó dúró kí ó gbẹ, kí ó tó kun pupa lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ibi tí bóòtì ti ń mú irin, kò jẹ́ kí ọ̀dà nípọn níbẹ̀, kí ó má baà tú lọ́nà.

Mo bi í pé, “Bàbá, kí ló dé tó fi jẹ́ pupa?” Ó ní kí ẹni tó ń bọ̀ wá fà á lè rí i nínú ẹrẹ̀ àti lókùnkùn. Ohun kan náà ni àwọn tó ń ṣètò eré ìje mọ́tò lágbàáyé rí, tí òfin wọn fi ní kí ibi tí a ń fi okùn kọ́ lára ọkọ̀ jẹ́ pupa, òféèfèé tàbí àwọ̀ ọsàn. Àwọn tó ń ṣe Jeep pàápàá ti fi ìkọ́ pupa sára àwọn ọkọ̀ Trailhawk wọn kan láti ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tí irin ti jẹ́ ti Ògún Lákáayé, Ọ̀ṣìnmọlẹ̀, tí awakọ̀ ń so màrìwò mọ́ iwájú ọkọ̀ nígbà ọdún rẹ̀, tí a sì ń ta ẹ̀jẹ̀ ajá sí i, pupa lójú irin kò ṣàjèjì sí wa rárá.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ pẹ́ntà òde òní kì í tú ìkọ́ mọ́. Wọ́n á fẹ́ ọ̀dà lé e níbi tó wà, tòun ti ẹrẹ̀, tòun ti ìdógùn-ún, ọkọ̀ á sì jáde bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa jíìpù ní Bódìjà àti Challenge, kí òjò tó dé, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìkọ́ ọkọ̀ yín, kí ẹ sì sọ fún pẹ́ntà yín pé kí ó tú u sílẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ọ̀dà.